Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Sabon Gari Kano àti Ìtàn Wíwá Oyè Ọ̀mọ̀wé Nílẹ̀ Àlejò

Ìfáàrà

Nígbà tí ojú irin dé Kano ní 1911, àwọn ará Gúúsù bá a wọ̀lú: akọ̀wé, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba amúnisìn fẹ́ kí ibùgbé wọn ya ọ̀tọ̀ sí ti onílé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe la Sabon Gari, ìyẹn ìlú tuntun lédè Hausa, sí ẹ̀yìn odi ní 1913. Òpópónà Yorùbá àti Òpópónà Odùtọ́lá wà lára ohun tí ó ń jẹ́rìí sí wíwà Yorùbá níbẹ̀. Ìlú àlejò ni Sabon Gari láti ìpìlẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà níbẹ̀, tí ó sì kọ̀wé sí yunifásítì òkè òkun, ti jẹ́ àlejò lẹ́ẹ̀kan kí ó tó lọ di àlejò lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀nà oyè ọ̀mọ̀wé kì í ṣe ọ̀nà ìjáde nìkan, àti pé ohun tí ẹnubodè kọ̀ọ̀kan béèrè ni ó ń sọ ẹni tí yóò kọ ìtàn àti èdè tí yóò fi kọ ọ́.

Ọ̀nà ìjáde

Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè yunifásítì láì kúrò ní Nàìjíríà kò ní ju kí ó dá kàwé fún ìdánwò Yunifásítì London. Ẹ̀kọ́ tí a ń fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ni akọ̀wé ń kà lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Oyè ọ̀mọ̀wé ní tirẹ̀ di ohun tí à ń ré òkun kọjá fún. N. A. Fádípẹ̀ gba tirẹ̀ ní London ní 1939 lórí ìgbé-ayé àwùjọ Yorùbá. Ó kú ní 1944, 1970 ni a sì tó tẹ iṣẹ́ náà jáde. Sàbúrì Bíòbákú gba tirẹ̀ níbẹ̀ ní 1951. Ayọ̀ Bámgbóṣé gba tirẹ̀ lórí gírámà Yorùbá ní Edinburgh ní 1963, Adébóyè Babalọlá sì gba tirẹ̀ lórí ìjálá ní London ní 1964. Ẹ wò ó bí ìmọ̀ nípa èdè Yorùbá gan-an ṣe ń gba òǹtẹ̀ ní ìlú òyìnbó.

Láti 1936 ni ọkọ̀ òfurufú ti ń bà sí Kano. Síbẹ̀, ẹni tí yóò bá ọkọ̀ ojú omi lọ láti Sabon Gari ní láti kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, ìrìn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà, kí ó tó lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi dé Liverpool. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò kọ́ ni ìdíwọ́ àkọ́kọ́, bí kò ṣe ìwé ìbéèrè. Èsì ìdánwò, àbá iṣẹ́ ìwádìí, lẹ́tà àwọn olùkọ́ tí yóò jẹ́rìí ẹni àti ẹ̀rí owó gbọ́dọ̀ pé. Ní ti owó, ètò sikọ́láṣíìpù Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní 1959 ṣí ilẹ̀kùn kan. Ètò AFGRAD ti Amẹ́ríkà ṣí òmíràn ní 1963. Ní 1964 ni ìdánwò TOEFL dé, tí a fi ń wọn èdè Gẹ̀ẹ́sì àlejò.

Ọ̀nà ìwọlé

Ní 1962, Ìbàdàn bọ́ lábẹ́ London, ó sì di yunifásítì tí ń fúnni ní oyè tirẹ̀. Àlejò sì dé. Murray Last, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn ní 1964 lórí ìtàn Sokoto. Ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde di títẹ̀ ní 1967. Òun náà ni ó padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Yunifásítì Bayero, Kano, láti 1978 sí 1980. Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, gbé Òkukù, ó kọ́ èdè àti oríkì lẹ́nu àwọn onílé, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ifẹ̀ ní 1979. Èdè Yorùbá ni ó fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Àwọn méjèèjì dé oko ẹlòmíràn, wọ́n sì fi èdè onílé ṣe ọkọ́.

Ta ni ó kọ ìtàn Sabon Gari?

Ní 1973, John Paden, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ẹ̀sìn àti ìṣèlú ní Kano. Àwọn onímọ̀ ilé náà kọ nípa Sabon Gari fúnra rẹ̀. Ahmed Bako ṣe ìwádìí ọ̀mọ̀wé lórí rẹ̀ ní Bayero ní 1990. Rasheed Ọláníyì wá tẹ ìwé tirẹ̀ lórí àwọn Yorùbá Kano láti 1912 sí 1999 jáde ní 2008. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, Jámánì ni a sì ti tẹ̀ ẹ́. Èyí kò bu iṣẹ́ náà kù; ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí ń tajà ní Sabon Gari, tí ó bá gbọ́ Yorùbá àti Hausa nìkan, kò lè ka ìtàn ara rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ó hàn gbangba pé fọ́ọ̀mù ìbéèrè kì í ṣe ìwé lásán. Yunifásítì òkè òkun ń béèrè ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ọmọ Sabon Gari. Kì í sábà béèrè bóyá ó gbọ́ Hausa àti Yorùbá, èdè méjì tí ìwádìí lórí ìlú rẹ̀ kò lè ṣe láìsí. Àwọn ẹ̀ka èdè ní ilé lè tún èyí ṣe. Kí a béèrè ẹ̀rí èdè lọ́wọ́ àlejò tí ó bá fẹ́ ṣèwádìí lọ́dọ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí a ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kí a sì ka èdè tí ọmọ Sabon Gari gbọ́ sí ohun èlò ìwádìí nígbà tí ó bá kọ̀wé sí wa. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ọjà ni ó yẹ kí ó mọ ohun tí yóò béèrè ní ẹnubodè.