Ìbọn Kírìjì Tí Kò Dé Kírìjì

Ìwé ètò ìsìnkú tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ń tẹ̀ kò níye, bí ó bá sì jẹ́ ti ìdílé Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì, kì í pẹ́ kí ìbọn tó yọjú nínú rẹ̀. Bàbá àgbà ló fi í bá Ìbàdàn jagun Kírìjì; ìjọba òyìnbó ló fi ta Èkìtì Parapọ̀, àpapọ̀ ọmọ ogun Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, lọ́rẹ. Ìtàn náà dùn, ó sì ń gbé ilé níyì. Ìbọn ara ògiri kì í sáàbà jẹ́rìí sí i.

Ti ọrẹ yẹn ló kọ́kọ́ wó. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó, tí Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, pọ̀ nínú wọn, ló dáwó jọ, tí wọ́n ra Snider àti irú rẹ̀, ìbọn tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sójú ogun. Ìjọba Èkó ní tirẹ̀ ń wá bí ogun yóò ṣe parí, torí ọ̀nà ọjà ti dí. Ẹni tó bá fẹ́ tú u wò lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tí J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith kọ ní 1964 lórí ogun àwọn Yorùbá.

Kí wọ́n wá gbé ìbọn náà sún mọ́ fèrèsé, kí wọ́n fi kẹrosíìnì nu ìpẹtà ìdí ọ̀pá rẹ̀, kí wọ́n wo òǹtẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ní Liège, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n máa ń ki ẹ̀tù àkìjù sí ìbọn tuntun, kí wọ́n yìn ín wò. Èyí tí kò bá bẹ́ ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ fún: ELG nínú àmì bí ẹyin. Láti oṣù Keje ọdún 1893 ni adé ti wà lórí ẹyin náà. Oṣù Kẹta ọdún yẹn gan-an ni Carter, Gómìnà Èkó, tú bùdó ogun Kírìjì ká. Ìbọn aládé, nígbà náà, ẹ̀yìn ogun ló dé.

Winchester náà ńkọ́, ìbọn ọdẹ Amẹ́ríkà tí irin wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń tì sísàlẹ̀ tí wọ́n sì ń fà padà kí ọta mìíràn tó wọlé? Èyí tó gbajúmọ̀ jù, tí John Browning ṣe, ọdún 1894 ló jáde. Àgbà ni Kírìjì sí i.

Òǹtẹ̀ Birmingham nìkan ni kò lè dá ẹjọ́ yìí. Ọ̀pá àṣẹ méjì tó gbé ara wọn lágbèélébùú, tí adé wà lókè wọn, ni wọ́n lò láti 1813 títí di 1904, ẹni tó bá rí i lè máa tẹnu mọ́ Kírìjì rẹ̀ lọ.

Èyí tó pọ̀ jù kò tilẹ̀ ní òǹtẹ̀ kankan. Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn ní Brussels pé kí ìbọn ìgbàlódé má wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà mọ́, àfi ìbọn olókùúta ìṣáná. Ọdẹ kò lè torí ìyẹn jókòó sílé. Alágbẹ̀dẹ gbé ewìrì, ó rọ sákábùlà, nígbà tó sì yá, páìpù omi di ọ̀pá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wá orírun irú ìbọn bẹ́ẹ̀, agbo ilé alágbẹ̀dẹ ìlú rẹ̀ ni kó ti lọ béèrè.