Geocaching: Eré tó ń múni dé òkìtì ilé olódi àti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́

Ní Ìlú Ọba, eré kan wà tí tọmọdé tàgbà lè fi rìn káàkiri ìgbèríko láì náwó púpọ̀. Geocaching ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ohun tó lè bàjẹ́ téèyàn ò bá ṣọ́ra.

Kí ni geocaching?

Ẹnì kan á fi ike kékeré pamọ́ síbì kan, á wá gbé nọ́ńbà GPS ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíì á fi fóònù wá a lọ. Tó bá rí i, á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó wà níbẹ̀, á sì dá ike náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Dave Ulmer ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 2000. Ó ri báákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ òfin eré náà ò gba ilẹ̀ gbígbẹ́ láìgbàṣẹ onílẹ̀ lónìí.

Àpẹẹrẹ ibi tó dáa láti rìn: Kilpeck

Abúlé Kilpeck wà ní Herefordshire, nítòsí ààlà Wales. Lẹ́yìn táwọn Norman gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, wọ́n kọ́ ilé olódi síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á gbẹ́ yàrà yípo, wọ́n á kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ di òkìtì gíga, wọ́n á sì kọ́ ilé ìṣọ́ sórí rẹ̀. Àgbàlá táwọn ọmọ ogun àti ẹṣin ń gbé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lónìí, ògiri díẹ̀ ló kù ní Kilpeck, ṣùgbọ́n òkìtì àti yàrà ṣì wà. Ẹni tó bá ti rí Erédò Sùngbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé yàrà máa ń pẹ́ ju ilé lọ.

Ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà ni ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1140 wà. Orí ẹranko àti èèyàn tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta yí abẹ́ òrùlé rẹ̀ ká.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá a nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì?

Wọn kì í fi ike pamọ́ sára ibojì. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ka ọdún tó wà lára òkúta ibojì kan, kẹ́ ẹ fi ṣírò nọ́ńbà tó kù. Ike fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn ọgbà.

Kí ló dé tí wọ́n ní ká má gbẹ́lẹ̀?

Òkìtì yẹn kì í ṣe erùpẹ̀ lásán. Àfọ́kù ìkòkò, eérú àti egungun ẹran lè wà nínú rẹ̀ ní ìpele-ìpele, ìpele tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà ló ń jẹ́ ká mọ bó ti pẹ́ tó. Tẹ́nì kan bá gbẹ́ ihò kékeré péré, ó ti da ìtàn yẹn rú, kò sì sẹ́ni tó lè tò ó padà. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1979 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gbẹ́lẹ̀ tàbí lo ẹ̀rọ tó ń wá irin láìgbàṣẹ níbi àtijọ́ tó wà lábẹ́ ààbò.

Ẹ rántí:

• Ojú ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tọ̀. Ẹ má fi kẹ̀kẹ́ gun òkìtì.
• Ẹ má gun ibojì, ẹ má sì ha ewédò ara òkúta kẹ́ ẹ lè kà á.
• Tí ìsìn tàbí ìsìnkú bá ń lọ, ẹ dúró kó parí.
• Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ike tiyín pamọ́, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀.