Thermostat láti Amẹ́ríkà àti wáyà ilé wa ní Àbújá



Ìtàn la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ìtàn tó kan ilé yín ni. Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ti ń fi nǹkan róbótó kan ránṣẹ́ sílé. Thermostat ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní kí Dádì kàn án mọ́ ògiri, kí wọ́n so ó mọ́ AC, kí fóònù máa darí rẹ̀. Àwa tá a wà nídìí ọjà iná ni wọ́n máa ń gbé e wá bá: "Ẹ̀gbọ́n, wáyà wo ló ń lọ síbi tí wọ́n kọ C sí yìí?" Èsì wa ni pé wáyà yẹn ò sí nílé wa. Ìdí tí kò fi sí ni ìtàn yìí.

Olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Warren Johnson, ló gba ìwé àṣẹ lórí thermostat oníná ní 1883. Nílé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń tọ́jú ààrò ilé máa ń wọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá ó ti gbóná jù tàbí ó tutù jù. Johnson wá ṣe ohun tó ń lu aago fún un nísàlẹ̀ ilé. Ẹ ò rí i pé nǹkan ilẹ̀ olótùútù ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé wọn, ẹ̀rọ kan ló ń mú gbogbo yàrá gbóná tàbí kó mú wọn tutù. Tíránsífọ́mà kékeré kan á sọ iná di fóltì 24, wáyà tín-ín-rín á sì gbé e lọ sára ògiri.

Èyí tí Honeywell gbé jáde ní 1953, súìṣì lásán ni, kò nílò iná tirẹ̀. Nest tó jáde ní 2011 ló mú ọ̀rọ̀ wáyà le. Ojú rẹ̀ ń tàn, ó ń lo Wi-Fi, ó gbọ́dọ̀ máa jẹun. Wáyà C ló yẹ kó máa bọ́ ọ, kò sì sí nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wọn. Ni Nest bá ń yọ́ iná díẹ̀díẹ̀ jẹ lára àwọn wáyà yòókù láti fi sáájì bátìrì rẹ̀. Ní January 2016, àṣìṣe sọ́fítíwíà kan pa bátìrì ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn onílé bá ara wọn nínú òtútù. Ọ̀rọ̀ iná ń yọ àwọn náà lẹ́nu lọ́hùn-ún.

Ká wá padà sílé. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Àkúrẹ́ (tiwa ni o), jẹ́ alága rẹ̀ ló dá a lábàá pé kí olú ìlú kúrò l'Ékòó. Òfin Àbújá jáde ní February 1976, ìjọba sì kó wá pátápátá ní December 12, 1991. NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 ló ń pín iná nígbà náà. Kò sẹ́ni tó kọ́lé síbí tó ronú ààrò ìsàlẹ̀ ilé. AC ojú fèrèsé la kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà ni split dé. Split yìí ní thermostat tirẹ̀ nínú ara rẹ̀, rímóòtù ló sì ń bá a sọ̀rọ̀. Wáyà iná tó ń wọ inú rẹ̀, 240 ni, kì í ṣe 24. Bí ẹ bá so ti Amẹ́ríkà mọ́ ọn, á jóná lójú ẹsẹ̀, ó sì lè ran ilé.

Ibi tó ń bà wá lẹ́rù jù ni àwọ̀ wáyà. Lára thermostat Amẹ́ríkà, wáyà pupa jẹ́ 24. Nílé wa tí wọ́n fi wáyà ìlànà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ṣe, pupa ni iná gan-an, 240, dúdú ni níútírà. Féèsì mẹ́ta jẹ́ pupa, yẹ́lò àti búlúù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yí àwọ̀ padà láàárín 2004 sí 2006 kí tiwọn lè bá ti Yúróòpù mu. Búráùn wá di iná, búlúù di níútírà, féèsì mẹ́ta di búráùn, dúdú àti eérú. Méjèèjì ló wà lọ́jà wa. Ẹ wo ilé tí wọ́n kọ́ ní 1985, tí wọ́n fi bọ́ìsì kọ́tà kún un ní 2015: búlúù tó jẹ́ féèsì nínú ilé ńlá lè jẹ́ níútírà lẹ́yìn. Dúdú náà bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, dúdú ni iná, funfun ni níútírà! Oníṣẹ́ iná tó bá fi àwọ̀ nìkan ṣiṣẹ́ láìfi tẹ́sítà kàn án, ẹ̀mí ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Níútírà yìí kan náà, bó bá já nílé tó ń lo féèsì mẹ́ta, iná tó wọ ẹ̀rọ lè ga ju 240 lọ fíìfíì, kó sún mọ́ 415. Fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, gbogbo rẹ̀ á lọ. Bí gílóòbù kan bá ń mọ́lẹ̀ jù tí èkejì ń ṣe bí àtùpà, ẹ pa iná ilé kíákíá, ká tó pe ẹnikẹ́ni.

A mọ ohun tó ń lé àwọn èèyàn sídìí nǹkan yìí. NEPA di PHCN ní 2005, AEDC gba tiwa ní November 2013. Ní April 2024, wọ́n sọ yúníìtì kan di náírà 225 fún Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún. AC 1.5 HP tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí kan láìdúró lè jẹ yúníìtì kan tàbí kó lé díẹ̀. Ta ni ò ní wá ọ̀nà àti dín in kù?

Èyí tó bá ilé wa mu ni rímóòtù Wi-Fi kékeré tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì. Ṣájà fóònù ló ń jẹ, kò sì sí wáyà kankan tẹ́ ẹ máa tú. Ó kàn ń bá AC sọ̀rọ̀ bíi rímóòtù tirẹ̀ ni. Kó dojú kọ AC, nítorí kì í ríran gba inú ògiri. Ẹ fi òun àti ráútà sórí ínfátà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí iná bá lọ, fóònù yín ò ní rí i mọ́. Bí AC ò bá tan nírọ̀lẹ́, ẹ má tíì bú u. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà ọwọ́ wo iná. Bó bá jẹ́ 160 tàbí 170 ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ò ní lè gbéra, sítébíláísà lẹ nílò.

Èyí tí àwọn ọmọ ti fi ránṣẹ́, ẹ tọ́jú páálí rẹ̀. Ẹni tó bá ń padà lọ lọ́dún Kérésì lè bá yín dá a padà.