Irin Tó Mọ́ Ju Wúrà Lọ: Kí Ni Sputtering Target, Kí Ló sì Kan Òkúta Ìjerò-Èkìtì Níbẹ̀?

Ìbéèrè kan ti ń wọlé sórí WhatsApp mi lemọ́lemọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni pé òkúta tí wọ́n ń wà ní Ìjerò-Èkìtì ni wọ́n fi ń ṣe fóònù? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ò rówó níbẹ̀?" Ká má fọ̀rọ̀ gùn, irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà nínú fóònù lóòótọ́. Apá kejì ìbéèrè yẹn ló gba àlàyé, kò sì ṣeé ṣàlàyé kí n má dárúkọ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ yín ò tíì gbọ́ rí: sputtering target. Tágẹ́ẹ̀tì ni màá máa pè é láti ibí lọ.

Tágẹ́ẹ̀tì jẹ́ irin pẹlẹbẹ. Òmíràn rí roboto bí àwo oúnjẹ, òmíràn gùn bíi pákó. (Nígbà tí mo bá sọ pé "irin" níbí, gbogbo mẹ́táàlì ni mo ní lọ́kàn: bàbà, wúrà, tánńganran, gbogbo wọn.) Wọn kì í fi tágẹ́ẹ̀tì kọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí wọ́n máa lù ú títí táá fi jẹ tán.

Ẹ rántí ilé tí wọ́n kùn ní funfun, tí wọn ò da sìmẹ́ǹtì sí àyíká rẹ̀. Tí òjò ńlá bá rọ̀, kíkán omi á máa lu ilẹ̀, ẹrẹ̀ á máa ta sókè, kó tó dá, ìsàlẹ̀ ògiri á ti pọ́n. Sputtering nìyẹn. Inú àpótí irin tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á jẹ́ kí gáàsì argon díẹ̀ wọlé (argon wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí náà, kò kàn tó 1%), wọ́n á wá gbé iná ọgọ́rọ̀ọ̀rún volt sí tágẹ́ẹ̀tì. Iná yẹn ló máa sọ argon di òjò tó ń sáré já lu irin. Átọ́ọ̀mù irin á máa ta kúrò níbẹ̀, á lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì tàbí chip tó wà níwájú. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi òòfà sẹ́yìn tágẹ́ẹ̀tì kí iṣẹ́ lè yá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: 1852 ni William Robert Grove, agbẹjọ́rò ọmọ Wales tó tún ń ṣe sáyẹ́ǹsì, ti kọ̀wé nípa irin tó ń ta báyìí.

Ohun tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì yẹn fẹ́lẹ́ gan-an. Lójú fóònù, ó lè jẹ́ nǹkan bí 100 nánómítà, irun orí kan ṣoṣo sì nípọn tó nǹkan bí ìlọ́po 800 rẹ̀. Indium àti tánńganran tí wọ́n ti pò mọ́ ọ́síjìn ni: iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ ojú ń ríran gbà á. Òun ni fóònù fi ń mọ̀ pé ìka yín ti kàn án.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ mímọ́, ibẹ̀ gan-an ni owó wà. Wúrà karat 18 tí wọ́n ń tà fún ìyàwó, 75% péré ni wúrà tó wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe tágẹ́ẹ̀tì kì í fi irú ìyẹn ṣeré. 4N, 5N, 6N ni wọ́n máa ń kọ sí ara ọjà wọn, ìyẹn iye 9 tó wà nínú nọ́ńbà: 99.99%, 99.999%, 99.9999%. Ẹ jẹ́ ká fi ìrẹsì ṣe é. Tí horo kan bá wọn mílígíráàmù 25, àpò 50kg á ní horo mílíọ̀nù méjì. Nínú àpò 4N, òkúta 200 ló máa wà níbẹ̀. Nínú 5N, òkúta 20. Nínú 6N, òkúta méjì péré nínú odindi àpò! Bí 9 bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó ń gorí owó, nítorí pé òkúta méjì tó kù ló nira jù láti ṣà.

Kí ni wọ́n ń sá fún? Àwọn àjèjì bíi sodium àti potassium lè máa rìn kiri nínú chip, kí wọ́n sì da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Uranium àti thorium tún burú jù. Ní 1978, Timothy May àti Murray Woods tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Intel ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ kí memory kọ̀ǹpútà ṣàdédé yí 0 sí 1: uranium àti thorium bíńtín tó wà nínú seramiki tí wọ́n fi bo chip ló ń yìnbọn sí i látìgbàdégbà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tó ń ra irin fún chip ti ń béèrè pé, "Eélòó ni uranium tó wà níbẹ̀?"

Ẹ wá padà sí Ìjerò. Òkúta tí ẹ ń gbọ́ yẹn ni tantalite, òun ni wọ́n ti ń yọ tantalum. Ní 1997, IBM kéde pé bàbà làwọn máa fi ṣe wáyà inú chip dípò alumíníọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bàbà máa ń jò wọnú silicon, ó sì máa ń bà á jẹ́. Tantalum ni wọ́n wá ń fi ṣe ògiri fẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín àwọn méjèèjì, tágẹ́ẹ̀tì tantalum ni wọ́n sì fi ń mọ ògiri yẹn.

Tantalite tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n kó sí àpò, nǹkan bí 30% rẹ̀ ló jẹ́ ọ́sáìdì tantalum. Niobium, irin àti manganese wà nínú ìyókù, uranium àti thorium tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì sábà máa ń wà níbẹ̀, débi pé tó bá kọjá ìwọ̀n kan, òfin ìrìnnà ọkọ̀ ojú omi á kà á mọ́ ẹrù olóró. Láti ibẹ̀ dé 5N jìn. Ásíìdì hydrofluoric, tó máa ń jẹ gíláàsì, ni wọ́n fi ń yà á kúrò lára niobium. Tantalum kì í yọ́ àfi tí ooru bá dé 3,017°C, inú ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì ti ń yọ́ ọ, iná ò sì gbọ́dọ̀ lọ. Mi ò ní sọ̀rọ̀ NEPA níbí. JX Advanced Metals ní Japan ló tóbi jù nínú àwọn tó ń ṣe tágẹ́ẹ̀tì chip. Ní 2018, wọ́n ra ilé iṣẹ́ tó ń fọ tantalum ní Goslar, Jámánì, èyí tó ń jẹ́ TANIOBIS lónìí. Ẹ rí i pé wọn ò wá wa kùsà. Ìfọ̀mọ́ ni wọ́n lọ rà.

Kì í ṣe òní la ti ń ta òkúta láìfọ̀. Ní àwọn ọdún 1940 àti 1950, Jos ni èyí tó pọ̀ jù nínú columbite àgbáyé ti ń wá.

Fún ẹ̀yin tí wọ́n ń fi ọjà ránṣẹ́ sí pé "tantalum 99.9% tààrà láti inú ilẹ̀, ẹ wá dáwó": kò sí irú ẹ̀ nínú ilẹ̀. Tantalite ló wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò láàbù, kí ẹ wò ó bóyá ọ́síjìn àti káábọ̀nù wà nínú ohun tí wọ́n kà. Àwọn olówó ńlá pàápàá máa ń yọ gáàsì kúrò nínú ìṣirò kí nọ́ńbà lè dára, wọ́n kàn máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ ni.

Ohun kan tó yà mí lẹ́nu: òòfà ẹ̀yìn tágẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ́ kí òjò argon gbẹ́ ojú kan ṣoṣo bíi kòtò yípo. Tí kòtò yẹn bá ti fẹ́ lu, wọ́n á yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ìdá mẹ́ta irin náà lè má tíì lò ju ìdá kan lọ. Wọn kì í jù ú nù. Ó ń padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ̀ ọ́, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sì tún un tà.