Ọba tí Ó Mú Ọ̀rọ̀: Ìtàn Àtijọ́ ní Ẹnu Aláré Titun

Ìtàn tí ó bá dùn kì í fẹ́ tán. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lè ti kú, ìwé tí a kọ ọ́ sí lè ti gbó, ilé tí a ti ṣe é ní eré lè ti wó, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ ní ìgbà èwe wọn yóò máa béèrè pé, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Ìbéèrè yìí ni ó ń bí ìtàn titun láti inú ti àtijọ́. Bí ìtàn titun bá sì ti dé, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Àwọn kan yóò ní ó bá ti ìṣáájú mu, àwọn mìíràn yóò ní wọ́n ti ba nǹkan jẹ́.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ àríyànjiyàn yìí dáadáa. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, ọdún 1963, ilé iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ eré tẹlifíṣàn kan tí wọ́n pè ní Doctor Who. Ìtàn náà dá lórí ẹni àjèjì kan tí kì í ṣe ọmọ ayé yìí, tí ó ń wọ inú àpótí aláwọ̀ búlúù rin ìrìn àjò láti ìgbà kan bọ́ sí òmíràn, àti láti ìràwọ̀ dé ìràwọ̀. Ọdún 26 ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó dá a dúró ní 1989. Ní 1999, ilé iṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ Big Finish kó díẹ̀ nínú àwọn òṣèré àtijọ́ jọ, wọ́n sì ń bá ìtàn náà lọ lórí àwo, ní ohùn nìkan, láìsí àwòrán. Eré náà padà sórí tẹlifíṣàn ní 2005, síbẹ̀ ti orí àwo kò dúró. Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń jiyàn: ǹjẹ́ ohun tí a gbọ́ lórí àwo jẹ́ ara ìtàn náà ní tòótọ́? Ta ni ó sì ní àṣẹ láti fi kún un?

Ẹni tí kò bá wo ẹ̀yìn wò lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ní ìlú òyìnbó ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Òkè-Ògùn, ilẹ̀ ọ̀dàn tí Ṣakí, Ìṣẹ́yìn, Ìgbòho àti Kíṣì wà, ìtàn iwin kan wà tí àwọn aláré ti ń gbà lọ́wọ́ ara wọn fún nǹkan bí 400 ọdún. Ìtàn náà yóò kọ́ wa ní ohun tí ó yẹ kí a retí lọ́wọ́ aláré titun, àti ohun tí ó yẹ kí a retí lọ́wọ́ ara wa tí a ń gbọ́.

Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921, ogun Tápà ni ó lé Aláàfin Onígbogí kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Òfinràn, ọmọ rẹ̀, ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà bọ̀ wá sílé ni ikú pa á sí Ṣakí. Àwọn tí ó kù tẹ̀ síwájú, wọ́n sì tẹ Ọ̀yọ́ Ìgbòho dó. Ọba mẹ́rin ni ó jẹ tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀. Ìkẹrin wọn, Abípa, ni ó pinnu láti dá ìjọba padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Ìgbòho ti bá wọn lára mu: oko wọn wà níbẹ̀, ilé wọn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú Aláàfin kí ó ní òun kò lọ? Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba fẹ́ rán ènìyàn lọ yẹ ahoro náà wò, wọ́n rán tiwọn ṣáájú ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀kan rán abuké, ọ̀kan rán àfín, ọ̀kan rán adẹ́tẹ̀, ọ̀kan rán aràrá, ọ̀kan rán arọ. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni pé kí wọ́n dúró lórí òkè Ajàká ní òru, kí wọ́n gbé ògùṣọ̀ dání, kí wọ́n sì máa ké pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ọba rí iná, wọ́n gbọ́ igbe, wọ́n sá padà wá sọ pé ọ̀rọ̀ àti iwin ti gba ìlú. Ọba kò bá wọn jiyàn, kò sì gbà. Ó rán àwọn ọdẹ lọ. Àwọn ọdẹ ṣọ́ àwọn iwin náà, wọ́n mú wọn láàyè, wọ́n sì kó wọn wá sí Ìgbòho. Nígbà tí àwọn ìjòyè pé jọ, ọba mú kí iwin kọ̀ọ̀kan gbé ọtí lọ fún ìjòyè tí ó rán an. Ìdí nìyí tí a fi ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀.

Bí a bá yẹ ìtàn yìí wò, a ó rí i pé eré ni àwọn ìjòyè ṣe. Wọ́n ní òṣèré, wọ́n ní ìtàgé, wọ́n sì kọ́ àwọn òṣèré ní ohun tí wọn yóò wí. Etí ni eré náà sì gbẹ́kẹ̀ lé ju ojú lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yan òru. Ojú a máa fi ààlà sí nǹkan, etí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó rí abuké ní ọ̀sán mọ̀ pé ènìyàn bí òun ni. Ẹni tí ó gbọ́ igbe lórí òkè nínú òkùnkùn ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ mọ iwin, tí yóò sì fún un ní orí mẹ́rìndínlógún. Ọgbọ́n yìí ni ó wà nínú àlọ́ tí a ń pa ní alẹ́. Òun náà ni ó wà nínú eré orí rédíò àti ti orí àwo. Kò sí owó tí a lè ná sórí àwòrán tí ó lè bá ọkàn olùgbọ́ díje.

Ṣùgbọ́n ọba ni ó yẹ kí a wò jù. Olùgbọ́ gidi ni. Ó gbọ́ ìtàn náà dé òpin, kò pe àwọn tí ó sọ ọ́ ní òpùrọ́, síbẹ̀ ó béèrè ìdí rẹ̀. Ó mọ̀ pé ohùn lásán kò tó ẹ̀rí.

Joel Adédèjì ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí eré alárìnjó, fi orísun eré náà sí ibi ìtàn yìí. Àlàyé rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn iwin náà kò tán nígbà tí a mú wọn. A sọ ọ́ di eré eégún tí a ń ṣe níwájú ọba, ìdílé Ológbojò sì ni ó mú un dání. Abuké, àfín, adẹ́tẹ̀ àti aràrá di ẹni tí òṣèré ń gbé agọ̀ wọn. Nígbà tí ó yá, eré jáde kúrò ní ààfin, ó di iṣẹ́ tí a ń rìn káàkiri ṣe. Títí di òní ni àwọn òṣèré eégún ń júbà Ẹsà Ọ̀gbín. Orúkọ rẹ̀ ni ó sì wà lára ẹ̀sà tí wọ́n ń pè.

Àwọn alárìnjó kò dúró sójú kan. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará ilẹ̀ Skọ́tláńdì, wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ó rí eégún tí ó di ejò ńlá. Lẹ́yìn náà ni òmíràn bọ́ agọ̀ sílẹ̀, tí ó di òyìnbó: ó funfun, ó rù, ó dà bí ẹni tí òtútù ń pa, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún. Àwọn òǹwòran ń ké sí Clapperton kí ó wò ó dáadáa, kí ó sì jẹ́rìí bí eré náà ti dára tó. Òyìnbó kò sí nínú eré nígbà Ọba Mọ́rọ̀. Àwọn alárìnjó rí ẹ̀dá àjèjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilẹ̀ wọn, wọ́n sì fún un ní àyè láàárín àwọn iwin àtijọ́. Ẹnikẹ́ni kò wí pé wọ́n ba eré jẹ́, nítorí pé ìjúbà, ìlù àti agọ̀ ṣì wà ní ipò wọn.

Àṣẹ tí aláré ní láti fi kún ìtàn wá láti ibi méjì. Èkíní ni pé ó mọ ẹni tí ó gba ìtàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dárúkọ rẹ̀. Èkejì ni pé ó ń ṣe eré rẹ̀ níwájú àwọn tí wọ́n lè dá a dúró. Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé tí ó kọ lórí ìjálá ní 1966, ṣàlàyé pé bí ọdẹ kan bá ń sun ìjálá, oníjàlá mìíràn tí ó jókòó níbẹ̀ lè tako ohun tí ó wí, kí ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Onítọ̀hún yóò sì dáhùn láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. A kì í ka èyí sí àrífín. Ọ̀nà tí ìtàn fi ń dúró ṣánṣán ni.

Nígbà tí ìwé dé, ìwà yìí kò yí padà. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, Àkàrà-Ògùn ni ó ń fi ẹnu sọ ìtàn ara rẹ̀, bí ilẹ̀ sì ti ń mọ́ ni àwọn olùgbọ́ ń pọ̀ sí i. Ní 1949, Igbó Olódùmarè gba ẹ̀yìn lọ sí ìtàn Olówó-Ayé, baba Àkàrà-Ògùn. Amos Tutùọlá ní tirẹ̀ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn ọ̀mu tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú, a sì tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré olórin ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Orí téèpù ni R. G. Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbọ́ eré náà, tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ di ìwé ní 1968. Ṣùgbọ́n Ògúnmọ́lá yí ìparí padà. Tutùọlá parí tirẹ̀ sí ìjà Ọ̀run àti Ilẹ̀ àti ìyàn tí ó tẹ̀lé e. Ògúnmọ́lá sọ gbogbo rẹ̀ di àlá tí Lánke lá, tí ó sì jí. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé náà lè bínú pé ìrìn àjò tí ó tó báyìí kò yẹ kí ó di àlá. Ẹlòmíràn lè fèsì pé ojú oorun ni ààyè ti ń bá òkú pàdé láìsí èèwọ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n mú ìtàn ní òótọ́.

Ọ̀ràn náà ti tún padà sí Òkè-Ògùn. Ní Ìgbòjayè ni Kúnlé Afọláyan ti ya fíìmù Aníkúlápó, tí ó jáde lórí Netflix ní 2022: ìtàn Ṣàró ahunṣọ, tí ó gba agbára jíjí òkú láti ọ̀dọ̀ ẹyẹ àkàlà. Ìṣẹ́yìn, ìlú aṣọ òfì, kò jìnnà sí ibẹ̀. Iṣẹ́ Ṣàró kò sì ṣàjèjì sí àwọn ará ibẹ̀. Agbára náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí, ìgbéraga rẹ̀ sì ni ó fà á. Ní 2024, apá kejì dé ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó sì gbé Ṣàró dìde. Ìbéèrè àwọn olólùfẹ́ Doctor Who ni èyí ní aṣọ ìbílẹ̀: bí a bá jí ẹni tí ìtàn ti bá wí tán, ẹ̀kọ́ ìtàn náà ha dúró bí? Èmi rò pé ó lè dúró, bí ẹni tí ó jí bá ru ẹrù ohun tí ó ṣe. Ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀, kí ó sọ ọ́.

Ohun tí ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe pé a ń fi kún ìtàn. Ohùn pọ̀ lónìí ju ti ìgbàkigbà rí lọ: rédíò wà, fóònù wà, a lè gba ẹ̀sà àti ìjálá sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹni tí ó lè dìde kí ó ní "Ibẹ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀" ni ó ń dín kù. Igbó Ọba tí a sin àwọn Aláàfin sí wà ní Ìgbòho, ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn ọmọ tí ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ni ó lè dárúkọ ọba mẹ́rin náà? Bí kò bá sí olùgbọ́ tí ó mọ ìtàn, ohunkóhun tí aláré bá wí ni ìtàn. A óò dà bí àwọn ìránṣẹ́ tí ó gbọ́ igbe lórí òkè, tí wọ́n sì sá wálé.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ ìtàn Ọba Mọ́rọ̀ di eré olóhùn fún àwọn ará Òkè-Ògùn, iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún un. Johnson kọ orúkọ oyè àwọn tí ó rán iwin níṣẹ́. Kò kọ orúkọ abuké náà, tàbí ti àfín, tàbí ti arọ tí a ní kí ó gun òkè ní òru. Kí aláré titun fún wọn ní orúkọ. Kí ó jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ ní orí òkè Ajàká bí ògùṣọ̀ ti ń jó lọ, kí àwọn ọdẹ tó dé. Lẹ́yìn náà, kí àgbà kan láti Ìgbòho nawọ́, kí ó ní òun ní àtúnṣe.