Láti Ọ̀rọ̀ Gbọọrọ sí Ìlànà tí Ẹ̀rọ Lè Yẹ̀ Wò: Ìtàn Àkọsílẹ̀ Ìrántí Inú Ṣíìpù, pẹ̀lú Àfiwé láti Ilẹ̀ Lẹ́kkí àti Àjáh

Ìfáàrà

Kí ìwé tó gbilẹ̀ ní Àjáh àti ní agbègbè Etí-Ọ̀sà, ọ̀rọ̀ ẹnu ni àwọn ènìyàn fi ń ṣàpèjúwe ilẹ̀. Ẹbí Olúmẹ́gbọ́n, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ onílẹ̀ Èkó, mọ ibi tí ilẹ̀ wọn dé. Àwọn tó bá wọn pààlà náà mọ̀ ọ́n. Igi kan, etí omi kan, ipa ọ̀nà tó lọ sí ọ̀sà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ààlà. Àpèjúwe yìí tó fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Kò tó mọ́ nígbà tí ẹni tí kò débẹ̀ rí bá ní láti gbẹ́kẹ̀ lé e, ìbáà ṣe adájọ́, akọ̀wé ìjọba tàbí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Ní ọdún 1944, nínú ẹjọ́ Kwadzo àti Adjei tó wá láti Gold Coast, èyí tí ó di Ghana lẹ́yìn náà, Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi òṣùwọ̀n kan lélẹ̀ tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà náà gbà wọlé: ǹjẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ lè ti inú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà ya àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí, kí ó sì péye?

Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà bi ara wọn, ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, nípa ilẹ̀ mìíràn tí ó kéré ju èékánná lọ. Ìtàn bí wọ́n ṣe dáhùn rẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ilẹ̀ tó wà nínú ṣíìpù

Nínú ṣíìpù fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà kékeré, ìrántí kan wà tí a kọ́ pọ̀ mọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà lójú kan. SRAM ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò fẹ̀ bí ìrántí ńlá tó wà lẹ́yìn ṣíìpù, ṣùgbọ́n ó yára jù ú lọ. Àǹfààní rẹ̀ mìíràn ni pé ó ṣeé lò kí ìrántí ńlá tó jí. Nítorí ìdí èyí, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń ka lára àwọn àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án.

Bí ilẹ̀ ṣe ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrántí yìí ní àdírẹ́sì àti ìwọ̀n. Wọ́n sì lè ya apá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, fún àpẹẹrẹ ibi tí àṣẹ tó ń jí àwọn ọpọlọ yòókù inú ṣíìpù wà. Bí ètò mìíràn bá kọ nǹkan lé ibẹ̀, àwọn ọpọlọ náà lè má jí. Àpèjúwe tí kò péye lè sọ odindi ẹ̀rọ di òkú.

Bí igi ẹ̀rọ ṣe hù

Nínú iṣẹ́ Open Firmware ni ọ̀nà àpèjúwe tí à ń sọ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó sì di ìlànà IEEE 1275 ní ọdún 1994. Wọ́n ń to ẹ̀yà ẹ̀rọ bí igi, láti gbòǹgbò dé ẹ̀ka, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní devicetree, ìyẹn igi ẹ̀rọ. Ní ọdún 2005, àwọn tó ń ṣe Linux fún ṣíìpù PowerPC mú un lò ní ọ̀nà tó rọrùn sí i.

Àwọn ṣíìpù ARM, tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára fóònù tí wọ́n ń tà ní ọjà Àjáh àti níbi gbogbo, kò tíì tẹ̀ lé ọ̀nà yìí nígbà náà. Ńṣe ni wọ́n ń kọ àpèjúwe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sínú Linux fúnra rẹ̀, tí ó sì ń wú bí ẹni tí àrùn ń ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ fi ìbínú sọ pé ọ̀rọ̀ ARM ti sú òun. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí àwọn ará ARM fi bẹ̀rẹ̀ sí kó lọ sí abẹ́ igi ẹ̀rọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbọọrọ ti wọlé nìyí. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lórí igi nílò ìwé tí yóò sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn ìwé náà pọ̀ lọ jàra, lẹ́tà lásán ni wọ́n fi kọ wọ́n, ẹni tó kọ ọ́ ló sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ jù. Nígbà tí ètò tó ń bójú tó ìrántí inú ṣíìpù wọ inú Linux ní ọdún 2013, ó mú ìwé tirẹ̀ wá, sram.txt ni wọ́n ń pè é. Ìwé kúkúrú ni. Ó ní ẹ̀ka náà gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ irú rẹ̀, mmio-sram, kí ó sì sọ àdírẹ́sì àti ìwọ̀n. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ lórí àyè ìsọ́tọ̀ kún un. Àpẹẹrẹ inú rẹ̀ jẹ́ ìrántí tó bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́sì 0x5c000000, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ báìtì 262,144.

Ènìyàn a máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ó yé e. Ẹ̀rọ kò lè kà á. Bí ẹnì kan bá gbàgbé ìwọ̀n, tàbí tó kọ orúkọ kan tí ìwé kò mọ̀, àfi kí ojú ẹlòmíràn rí i. Gbogbo aláǹgbá ló da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn fáìlì náà rí.

Ìyípadà sí ìlànà

Ní ọdún 2018, Rob Herring, ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó igi ẹ̀rọ nínú Linux, mú àbá kan wá: kí wọ́n tún àwọn ìwé náà kọ bí ìlànà tí ẹ̀rọ lè fi yẹ fáìlì wò. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní schema. Inú ètò json-schema ni wọ́n ti mú ọgbọ́n rẹ̀, ọ̀nà ìkọ̀wé YAML ni wọ́n sì ń fi kọ ọ́. Ìlànà bẹ́ẹ̀ lè sọ pé nǹkan báyìí jẹ́ dandan, pé orúkọ ẹ̀ka gbọ́dọ̀ rí báyìí, pé ohun tí a kò dárúkọ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Ní apá ìparí ọdún 2019, Krzysztof Kozlowski, tó ń bójú tó ṣíìpù Samsung nínú Linux, yí sram.txt padà sí sram.yaml. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ adàwékọ lásán nìyẹn kò tíì dán an wò. Ìwé àtijọ́ lè fẹnu fẹ́rẹ́ kọjá lórí orúkọ. Ìlànà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Ó mú sram. Ṣùgbọ́n nínú àwọn fáìlì ṣíìpù Exynos ti Samsung, sysram ni orúkọ tí wọ́n ti ń kọ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ní láti lọ pa orúkọ náà dà. Ìgbà tí wọ́n sọ àpèjúwe di ìlànà ni ó tó hàn pé ìwé àti ìṣe kò bá ara wọn mu. Àpẹẹrẹ inú ìwé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò: ẹ̀rọ ń yẹ òun náà wò báyìí, nígbà tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, àṣìṣe lè wà nínú àpẹẹrẹ fún ọdún púpọ̀ kí àwọn ènìyàn sì máa dà á kọ.

Àlàyé tí ènìyàn ń kà kò parẹ́. Ààyè kan wà fún un nínú ìlànà náà, ibẹ̀ ni ìdí tí wọ́n fi ń ya àyè sọ́tọ̀ ṣì wà. Ẹ̀rọ kì í yẹ apá yẹn wò, nítorí pé ìdí kò ní ìwọ̀n.

Ohun tí ìlànà kò lè mọ̀

Òṣùwọ̀n ọdún 1944 ni ìlànà yìí kúnjú rẹ̀: ẹni tí kò débẹ̀ lè ti inú àkọsílẹ̀ ya àwòrán. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra ilẹ̀ ní Lẹ́kkí àti Àjáh mọ̀ pé àwòrán tó péye kò tíì parí ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti jáde ní ọdún 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní agbègbè náà sì ni ìjọba ti gbà. Ọmọ onílẹ̀ lè mú sọ́fè tó dára jáde, kí òpó ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lójú àyè wọn, kí nọ́ńbà wọn sì pé, síbẹ̀ kí ilẹ̀ náà wà nínú èyí tí ìjọba ti gbà. Sọ́fè kò ní irọ́ kankan nínú. Ibi tó ń tọ́ka sí ni kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

Bákan náà ni sram.yaml yóò gba 0x5c000000 wọlé, bí ìrántí kankan kò tilẹ̀ sí ní àdírẹ́sì yẹn nínú ṣíìpù. Ohun tó ń yẹ̀ wò ni bóyá àdírẹ́sì wà níbẹ̀, bóyá ìwọ̀n tẹ̀ lé e, bóyá orúkọ bá ìlànà mu. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ní láti ṣí ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù náà kọ, tàbí kí ó tan ẹ̀rọ náà wò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ra ilẹ̀ ní Àjáh ṣe ní láti mú nọ́ńbà sọ́fè rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ Àgbà ti ìpínlẹ̀ ní Alausa, kí wọ́n lè bá a wò ó lórí àwòrán ìjọba kí ó tó san owó.