Ìrẹsì Kùtọnù, Epo Nàìjíríà

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ṣì ń bi mí pé: "Prof, ta ni ayé rọrùn fún jù, àwa tàbí àwọn ará Benin?" Ọdún wo lẹ ń bi mí sí?

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ yìí lọ́dún 1889, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe oúnjẹ ló kọ́kọ́ ya ìnáwó ilé wọn sọ́tọ̀, owó orí ni. Faransé ń gbà á lọ́wọ́ tọkùnrin tobìnrin, wọ́n sì tún ń kó èèyàn ṣiṣẹ́ tipátipá. Ọ̀pọ̀ di ẹrù rù, wọ́n sá wá sí ìhà tiwa. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1976.

Owó ló wá gbapò owó orí. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé iye sẹ́fà sí ìdajì: 50 sẹ́fà tó ń ra fáráǹkì Faransé kan di 100. Ọjà òkè òkun wọ́n gógó lọ́hùn-ún. Àmọ́ epo tí wọ́n ń pè ní kpayo, tiwa ni, ojú ọ̀nà ìgbẹ́ ló ń gbà dé Pọ̀bẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n ń sè ní Ayétòrò, ti Kùtọnù ni. (Èmi náà jẹ ẹ́, mi ò ní purọ́.) Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019, ìkòkò tiwa ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìjọba wa yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, kpayo fò sókè ní Pọ̀bẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí kò dìbò fún ẹnikẹ́ni ní Abuja.

Orílẹ̀-èdè wo ni kí n wá kọ ìnáwó ilé yẹn sí?